Ìmọ́lẹ̀ Kò Mọ Jẹjẹrẹ, Ohun Tó Gbé E Lọ Ló Mọ̀ Ọ́n

Inú òkùnkùn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Lábù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò ni mo wà, ní ilé ìwòsàn kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrá tí máíkírósíkóòpù wa wà kò sì ní fèrèsé kankan. Bí mo bá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, màá pa iná, màá jókòó díẹ̀ kí òkùnkùn lè mọ́ ojú mi lára, kí n tó gbé síláìdì àkọ́kọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tí mò ń wá kò ju àmì tóótòòtó lọ, àwọn kan pupa, àwọn kan àwọ̀ ewé, nínú sẹ́ẹ̀lì ọyàn obìnrin tí n kò mọ̀ rí. Iye tí mo bá kà wà lára ohun tí dókítà rẹ̀ yóò fi mọ oògùn tó kàn.

Jíìnì kan, ìyẹn ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń jẹ́ HER2 ni à ń kà. Méjì ló yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n nínú bíi 15 sí 20 nínú 100 jẹjẹrẹ ọyàn, jíìnì yìí á ti bí sí i rẹpẹtẹ, purotéènì tó ń ṣe á bo ara sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á wá máa pọ̀ sí i láìgbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ burú tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí trastuzumab dé, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó lè pa ọkàn lára, kò sì ní ṣe ẹni tí jẹjẹrẹ tirẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ HER2 nínú ní àǹfààní kankan. Ìdí nìyí tí a kì í fi ojú lásán sọ ọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa á ti kọ́kọ́ fi àwọ̀ ràkúnmí yẹ purotéènì náà wò. Tó bá hàn kedere pé ó wà tàbí pé kò sí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èyí tó bá há sáàárín, tí wọ́n fún ní 2+, ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹran ara náà á ti wà nínú ìda. Wọ́n á gé e tín-ínrín, nǹkan bíi máíkírómítà 4, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. A ó yọ ìda kúrò, a ó fi ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́, jẹ díẹ̀ lára purotéènì tó dí ọ̀nà, ẹ̀yìn ìyẹn la ó wá kán próòbù sí i. Ègé DNA, irú okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, ni próòbù yìí. Wọ́n ti ṣe é kí ó bá apá kan lára HER2 mu rẹ́gí, wọ́n sì ti so àwọ̀ pupa tí ń tàn mọ́ ọn lára. Òmíràn tún wà tó bá àárín kírómósóòmù 17 mu, ìyẹn okùn gígùn tí HER2 àti àwọn jíìnì mìíràn tò sí. Àwọ̀ ewé ni tirẹ̀. A ó mú gbogbo rẹ̀ gbóná débi pé okùn DNA méjì tó lọ́ mọ́ra á tú. Bí ooru bá ti wá sílẹ̀ sí 37°C, okùn kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnìkejì rẹ̀. Òru mọ́jú ni wọ́n fi ń wá ara wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi oníyọ̀ gbígbóná la fi ń fọ èyí tí kò rí ẹnìkejì kúrò, nítorí próòbù tó kàn fara ti ẹ̀gbẹ́ kan láìbá ohunkóhun mu, irọ́ ni yóò pa fún wa.

Pupa méjì, ewé méjì: sẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní wàhálà. Ewé kan péré? Ọ̀bẹ ló sábà máa ń gé e dànù, kì í ṣe àìsàn. Ó kéré tán 20 sẹ́ẹ̀lì la gbọ́dọ̀ kà, èèyàn méjì ló sì ń kà á, olúkúlùkù lọ́tọ̀, láìgbọ́ ti ara wọn. Tí a bá fi iye ewé pín iye pupa, tó sì tó 2, tí pupa fúnra rẹ̀ sì tó 4 nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí a bá pín in dọ́gba, jẹjẹrẹ HER2 nìyẹn. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ gba ìṣirò kankan: bí mo bá ti yí gíláàsì dé orí wọn, pupa ti dì jọ gìrìwò, èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ojú jẹ̀gbádùn níbẹ̀. Bí o ṣe ń wò ó ni àwọ̀ náà ń ṣá, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń jẹ́ kó tàn ló tún ń bà á jẹ́. Èmi máa ń yára ka ibi tó dáa jù, màá sì pa ìlẹ̀kùn iná ẹ̀rọ dé kí n tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Fídíò kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e: "Ìyàbọ̀ mi, o kú iṣẹ́ o. Iná kan ni wọ́n ń tà báyìí o, wọ́n ní téèyàn bá tàn án sí ọyàn, bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló ṣe é. Ìwọ lo wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé kí n rà á fún èmi àti àwọn ọmọ?" Nínú fídíò náà, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbé tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù dání, ó ń fi àwòrán iṣẹ́ abẹ gidi hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwòrán yẹn kì í ṣe irọ́. Tọ́ọ̀ṣì yẹn ni irọ́.

Mo dá a lóhùn pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má fún wọn lówó." Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ fún pé má ṣe, láìsọ ìdí rẹ̀. Aṣọ ló ń tà, ó sì ní iná kékeré aláwọ̀ àlùkò lórí tábìlì tó fi ń yẹ náírà wò kó má bàa gba ayédèrú. Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Mo ní Màmá, ṣé ẹ rí ìlà tó ń tàn nígbà tí ẹ bá gbé náírà sábẹ́ iná yín? Àwọn tó tẹ owó ló fi àwọ̀ yẹn síbẹ̀. Iná yín kò mọ owó gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Ó kàn ń jí àwọ̀ tí ẹnìkan ti tọ́jú pamọ́ ni. Ta ló wá tọ́jú àwọ̀ kankan pamọ́ sínú ọyàn yín? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni náà." Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì parí síbẹ̀. (N kò tiẹ̀ tíì dé orí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í wọ inú ara ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ, àti pé ara dúdú tiwa tún máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì kó tó wọlé rárá.)

Ohun tí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò ṣòro. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, ó ń jẹ díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ó wá ń pọ ìyókù jáde ní àwọ̀ mìíràn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, George Stokes, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Cambridge láti 1852, kuníìnì sì wà lára ohun tó fi dán an wò. Kuníìnì yẹn náà ni o, oògùn ibà tí àwọn bàbá wa máa ń dí imú kí wọ́n tó lè gbé e mì. Ẹni tó bá ní tonic water nílé, kó gbé e sábẹ́ iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, yóò rí i tí yóò máa tàn búlúù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn kan ti rí ìmọ́lẹ̀ tó ń fi jẹjẹrẹ hàn, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: báwo ni àwọ̀ náà ṣe dé ibi jẹjẹrẹ, tí kò sì dúró síbòmíràn? Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, orí ìyẹn ló dá lé. Títàn kò nira. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti ní fluorescein, àwọ̀ kan tó ń tàn, lọ́wọ́ láti 1871, Adolf von Baeyer ní Jámánì ló ṣe é. Ní bíi 1947, dókítà George Moore ní Minnesota fún àwọn tó ní kókó nínú ọpọlọ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ibi tí kókó wà ń tàn. Ó wúlò, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní, ṣùgbọ́n fluorescein kò mọ jẹjẹrẹ rárá. Odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ló ti ya níbẹ̀, ó sì gba ibi tó ya jò wọlé. Ibikíbi tí odi yẹn bá ti ya, yóò jò, jẹjẹrẹ ni o, ọgbẹ́ ni o.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú gbogbo wọn ni 5-ALA, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í tàn. Ọtí aláìlọ́tí lásán ni lójú: lúbúlúbú tí wọ́n pò mọ́ omi, tí aláìsàn ń mu ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó kùn ún lóorun, mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ara wa náà ń ṣe 5-ALA lójoojúmọ́. Òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ̀ kó tó ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọ̀nà yẹn parí, ohun kan á wà nílẹ̀ tó ń jẹ́ protoporphyrin IX, tó kàn ń dúró kí wọ́n fi irin sí i nínú. Sẹ́ẹ̀lì tó pé á fi irin sí i, iṣẹ́ á parí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ tó le kì í lè tètè ṣe é. Protoporphyrin á wá máa kóra jọ sínú rẹ̀. Protoporphyrin yìí ló ń tàn. Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló se àtùpà tí wọ́n fi mú un.

Bí wọ́n bá ti ṣí agbárí, dókítà á wo ọpọlọ pẹ̀lú iná funfun bó ṣe máa ń wò ó. Mo ti rí i lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan: n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kókó àti ọpọlọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ pọ́n résúrésú, ó rọ̀ bákan náà. Wọ́n yí bọ́tìnì, iná di búlúù mọ́ àlùkò. Ọpọlọ dúdú búlúù lọ kánrin, àárín kókó sì yọ pupa bíi ẹyin iná. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi. Níbẹ̀, pupa yẹn ń rọ di rósì, rósì ń rọ di èyí tí èèyàn á máa bi ara rẹ̀ bóyá òun rí nǹkan tàbí òun kò rí i. Etí yẹn ni gbogbo ìjà wà, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń yọ́ wọ ọpọlọ tí aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó fi ń gbé ọwọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò lè sọ fún dókítà èyí tó ṣe é gé nínú rẹ̀.

Walter Stummer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ló gbé e débi tó dé. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2006 fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná: nínú àwọn tí wọ́n fi 5-ALA ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 65 nínú 100 ni wọ́n yọ gbogbo kókó tó hàn lórí àwòrán MRI kúrò lórí wọn, àwọn tí wọ́n fi iná funfun nìkan ṣe tiwọn, 36 ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àìsàn kò tíì gbérí nínú 41 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ 21 nínú àwọn ti èkejì. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2007, Amẹ́ríkà ní 2017. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í fi sínú fídíò WhatsApp: ìwádìí náà kò fi hàn pé iye ọjọ́ tí àwọn èèyàn náà lò láyé lápapọ̀ gùn sí i ní ọ̀nà tí ó dáni lójú. Púpọ̀ nínú àwọn kókó ọpọlọ tí kò tíì le kì í sì í tàn rárá. Ẹni tó bá mu ún tún gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn àti iná tó mọ́lẹ̀ gan-an fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí awọ ara rẹ̀ má bàa jó.

Ti jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin yàtọ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń gbé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú folate lé ara wọn lórí lọ́pọ̀lọpọ̀. Folate yìí ló wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, tí wọ́n tún ń fún aláboyún ní oníhóró rẹ̀ ní kílíníìkì. Philip Low ní yunifásítì Purdue rò ó pé: bí a bá so àwọ̀ mọ́ folate, ṣé sẹ́ẹ̀lì kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wọlé? Ní 2011, Gooitzen van Dam àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Groningen, Netherlands, fún àwọn obìnrin ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ tó ń tàn ní àwọ̀ ewé nínú ikùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé kì í jìnnà nínú ara, ara fúnra rẹ̀ sì tún máa ń tàn díẹ̀ ní àwọ̀ yẹn. Pafolacianine tó rọ́pò rẹ̀ ń tàn ní ibi tí ojú èèyàn kò lè rí mọ́, nǹkan bíi nánómítà 795. Kámẹ́rà ló ń rí i, tí ó ń gbé e sójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà. Nínú ìwádìí tí Amẹ́ríkà gbé yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2021, obìnrin 134 ni wọ́n lò ó fún, lára àwọn tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni wọ́n sì ti rí ó kéré tán ibì kan tí jẹjẹrẹ wà tí ojú àti ọwọ́ dókítà ì bá ti fò dá.

Ṣùgbọ́n kíndìnrín náà ní ẹnu ọ̀nà folate yẹn. Kíndìnrín náà ń tàn. Kì í ṣe pé àwọ̀ náà ṣàṣìṣe. Ẹnu ọ̀nà folate ni wọ́n rán an sí, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sì gbé oníhóró folate mu láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ lè fi èyí tó mu dí ẹnu ọ̀nà náà pa. Mo fẹ́ràn láti máa sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá sí lábù wa, nítorí pé ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀nà mìíràn tún ni pé kí àwọ̀ wà ní títì pa títí ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ lára jẹjẹrẹ á fi gé okùn rẹ̀. Yasuteru Urano ní Tokyo àti Hisataka Kobayashi ní Amẹ́ríkà ṣe irú èyí tí wọ́n kàn ń fọ́n sójú ibi tí wọ́n gé, wọ́n gbé e jáde ní 2011. Nínú èkúté, láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti ń tàn. Pegulicianine, tí wọ́n fọwọ́ sí fún iṣẹ́ abẹ ọyàn ní oṣù kẹrin 2024, ìlànà tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń tọ̀. Òun náà ní ìkìlọ̀ tó le lára, torí ara àwọn kan lè kọ̀ ọ́ lójijì débi ewu.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún bi mí ní ìbéèrè kan, ó ní nígbà wo ni àwọn kámẹ́rà yìí máa dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ká má tan ara wa. Bí wọ́n bá ní kí n fi owó kámẹ́rà kan ṣoṣo ṣe ohun tó wù mí nílé, kámẹ́rà kọ́ ni n ó rà. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ní Nàìjíríà ni jẹjẹrẹ ọyàn ti ràn kálẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ sì fi ń san owó àyẹ̀wò. Irú jẹjẹrẹ ọyàn tí kò ní HER2, tí kò sì ní ti họ́mọ̀nù méjèèjì, tún wọ́pọ̀ láàárín àwa tí orírun wa jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Èyí tí kálukú ní ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, síláìdì inú lábù bíi tiwa ló sì ń sọ ọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Síláìdì yẹn kò sì lè dáa ju bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran ara lọ. Èyí ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sì ní kó sọ fún àwọn obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ kókó kankan nínú ọyàn yín, ì báà jẹ́ ní kílíníìkì kékeré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù, ẹ má sì gbà kí wọ́n dì í fún yín nínú ọ̀rá tàbí nínú omi lásán. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi sínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, kí ó sì jẹ́ láàárín wákàtí kan tí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ aago tó wọ inú ìgò sára ìgò náà. Kí gbogbo àkókò tó máa lò nínú formalin, títí kan èyí tó máa lò ní lábù, má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kó má sì dín ní wákàtí mẹ́fà. Ó ní kí n tún un sọ kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì tún un sọ.